Ẹ̀jẹ̀ Ọgọ́rin Ọmọ Nínú Kúlà Kan

Ojú ara mi ni mo fi rí i. Ẹnì kankan kò wá ròyìn rẹ̀ fún mi, n kò sì gbọ́ ọ lórí fóònù. Ojú mi méjèèjì yìí, tí kò tíì lo awò rí, ni mo fi rí gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tí kúlà náà ti wọlé títí di ìgbà tí a ka ohun tó ṣòfò. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ èyí, nítorí àwọn kan ní ilé ìkẹ́rùsí wa ṣì ń sọ ọ́ títí dòní pé fọ́kílífù tó ń gbé ẹrù ló kọlu kúlà yẹn. Irọ́ ni. Fọ́kílífù kankan kò kọlu nǹkan kan. Ọwọ́ mi ló ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọwọ́ tó jẹ́. Pírámárì fọ́ọ̀ ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yìí kàwé ju orí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi di ẹrù ní ọjà Deira ní Dubai fún àwọn oníṣòwò wa tó ń kó ọjà lọ sí Èkó. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ń rajà níbẹ̀ léèrè. Mo ti di dígí tó ga jù mí lọ. Mo ti di iná aláràbarà tí wọ́n ń so mọ́ àjà, èyí tí gíláàsì ara rẹ̀ ń mì jìnnìjìnnì bí ènìyàn bá wúkọ́ lásán. Gbogbo rẹ̀ dé Èkó láìfọ́. Alhaja kan wà tó jẹ́ pé bí kì í bá ṣe èmi ni mo di ẹrù rẹ̀, kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé e sínú kọ̀ǹténà. Àṣírí mi ni tépù. Ẹlòmíì á yí i lẹ́ẹ̀mejì, á ní ó tó. Èmi, ìgbà méje ni, méje ní ìbú, méje ní òró, kí n tó wá fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé gbogbo rẹ̀ bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń gbá ọ̀já mọ́ ọmọ lẹ́yìn. Mo máa ń sọ fún wọn ní Deira pé ẹrù tí mo bá dì, afẹ́fẹ́ gan-an á tọrọ àyè kó tó lè wọ ọ́.

Òkìkí yẹn ló gbé mi dé Dubai Investments Park. Ilé ìkẹ́rùsí olótùútù kan ń wá ẹni tó mọ ẹrù gbé, wọ́n sì wá mi dé Deira. Oògùn ni wọ́n ń kó sí ibẹ̀, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti àwọn nǹkan tí ilé ìwòsàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Mo gba bedspace, ìyẹn ibùsùn kan péré nínú yàrá àjùmọ̀gbé, ní International City, bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ sì ń wá gbé wa láràárọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ dráì áìsì. Ẹ má rò pé áìsì tí à ń jù sínú omi ni. Eléyìí kì í yọ́ di omi. Èéfín funfun ló máa ń dà, yóò máa rú, yóò máa rú, títí tí yóò fi tán láìku ẹ̀kán kan sílẹ̀. Bó bá kan awọ ara, á bó o bí iná. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá wa, ará Íńdíà kan tí ẹnu rẹ̀ máa ń sáré, pe àwa tuntun jọ, ó fi òyìnbó kọ́ wa fún odidi wákàtí kan. Èmi ń mi orí. “Yes sir. Yes sir.” Ohun tí mo mú nínú rẹ̀ ni pé èéfín yẹn lè pa ènìyàn nínú yàrá tó há, nítorí náà kí a máa ṣí ìlẹ̀kùn. Èyí tó kù, mo ní ọgbọ́n orí mi á dí i. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá, mo buwọ́ lù ú kí àwọn tó mọ̀wé tó rí bírò tiwọn.

Àwọn kúlà tó ń wá sọ́dọ̀ wa, ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń dì wọ́n wá. Tiwa ni kí a ṣí ọmọrí, kí a bu áìsì sí i, kí a dé e padà. N kò di ọ̀kan rí nínú wọn. Ó sì ń dùn mí. Irú èmi yìí, wọ́n sọ mí di ẹni tó ń bu áìsì.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni kúlà tí mò ń sọ wọlé. Kúlà rọ́bà líle ni, àwọ̀ búlúù, ìkọ́ tó ń di ọmọrí rẹ̀ mú sì ti ṣẹ́. Tépù méjì péré, tín-ín-rín, ni ẹni tó gbé e wá fi dè é. Mo dúró lé e lórí, mo ń bá a wí ní Yorùbá.

“Ta ló dì ọ́ báyìí? Ta ló ṣe ọ́ bí ọmọ aláìní-ìyá?”

“Èmi ni,” ohùn obìnrin kan dáhùn lẹ́yìn mi. “Ẹ má bínú sí i, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí.”

Mo yíjú. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wọ bàtà kámbọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ méjì.

“Ọmọ Yorùbá! Ẹ kú ìrìn o. Ibo lẹ ti ń bọ̀?”

“Sáńbíà.”

“Sáńbíà? Ìyẹn ìsàlẹ̀ Áfíríkà lọ́hùn-ún? Kí lẹ wá lọ síbẹ̀ ṣe, ṣé Èkó ti kún ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń wá kiri níbẹ̀.”

“A‘ùsù bílláhì! Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀?”

“Ẹ má sá, ẹ̀gbọ́n. Dókítà ni mí. Ìwádìí ni mò ń ṣe.”

Ó jókòó lórí páálí kan, ó sì sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ti pẹ́ tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde pọ̀ lọ́hùn-ún bó ṣe pọ̀ nílé. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí róbótó á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú iṣan, egungun á máa ro wọ́n. Bí ibà tàbí òtútù àyà bá wá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òmíràn á kú kí ọjọ́ méjì tó pé. Òmíràn á dìde, á ní kí wọ́n fún òun ní oúnjẹ.

“Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn,” ó ní. “Kí ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ èyí tó dìde, tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ èyí tí kò dìde? Tí a bá mọ̀ ọ́n, a ó mọ ọmọ tó yẹ kí á tètè sáré gbé.”

Ọdún mẹ́ta ló fi rin àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá odò ńlá, kó lè gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ọmọ nígbà tí ibà ṣì gbóná lára rẹ̀. Ọgọ́rin ọmọ. Igo rọ́bà ọgọ́rin, tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, ìyẹn ló wà nínú kúlà. Ẹ̀rọ tó lè wo ohun tó ń wá kò sí níbi tó ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n ilé àyẹ̀wò kan ní Sharjah gbà láti bá a ṣe é. Wọ́n dá kúlà dúró ní pápákọ̀ fún ọjọ́ méjì nítorí ìwé kan. Ibẹ̀ ni ìkọ́ ti ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ òtútù inú rẹ̀ ti kú. Sharjah sì ti fẹ́ ti ìlẹ̀kùn nítorí Jímọ̀, wọn kò ní ṣí i títí di ọjọ́ Ajé. Ìdí nìyẹn tí kúlà fi máa sùn lọ́dọ̀ wa.

Mo bi í pé, “Tí eléyìí bá wá bàjẹ́, ṣé ẹ ò lè padà lọ gba òmíràn ni?”

Ó wo kúlà. “Ibà tó mú wọn nígbà yẹn ti lọ, ẹ̀gbọ́n. Àwọn míì nínú wọn náà ti lọ.”

N kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo sọ fún un pé àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, àrùn yẹn ló pa á. N kì í sọ ọ́ fún ènìyàn. Ọdún mélòó ni mo ti wà ní Dubai, ẹni tí ibùsùn rẹ̀ wà lókè tèmi kò mọ̀ pé mo ní àbúrò rí.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní.

Lẹ́yìn náà ó dìde. “Nǹkan méjì péré ni mo fẹ́. Ẹ bá mi bu áìsì kún un lọ́la àti lọ́túnla. Ẹ má sì ṣe nǹkan kan sí ọmọrí rẹ̀. Tépù tó wà níbẹ̀ ti tó.”

“Èyí? Tépù méjì, bí ìgbà tí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ eéwo? Dókítà, ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ yín lẹ́rù dídì ní yunifásítì nìyí?”

“Wọn ò kọ́ wa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò wá kọ́ wa.”

“Ẹ bi wọ́n ní Deira! Ẹrù tí mo bá dì...”

“Ẹ̀gbọ́n yìí mà fẹ́ràn ara wọn o!” Ó ń rẹ́rìn-ín. “Ó ní ìdí tí mo fi dì í bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rí i...”

Fóònù rẹ̀ dún. Àwọn ará Sharjah ni. Ó ń dá wọn lóhùn bó ṣe ń jáde lọ bá takisí. Mo ké tẹ̀lé e pé kó lọ fọkàn balẹ̀, kó lọ sùn nílé ọ̀rẹ́ tó ní òun wọ̀ sí ní Al Mamzar, pé mo fi orúkọ ìyá mi ṣe onídùúró. Ó juwọ́ sí mi. “Shukran, ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n!”

Bí mo ṣe kírun Jímọ̀ tán tí mo padà dé, kúlà yẹn kò kúrò lójú mi. Mo ń wo tépù méjì yẹn, mo ń wo ìkọ́ tó ṣẹ́. Mo ní, ṣé ohun tí ènìyàn fi ọdún mẹ́ta kó jọ nìyí? Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ ńkọ́? Mo bu áìsì kún un títí dé ẹnu, mo dé e, mo mú tépù mi. Méje ní ìbú. Méje ní òró. Mo fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ etí rẹ̀ yíká kó lẹ̀ dáadáa. N kò dì fún Alhaja náà tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn rí i lọ́jọ́ Ajé, kó sọ pé, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Mo gbé e sínú yàrá olótùútù, ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbé. Bọ́ọ̀sì dé, mo lọ sílé.

Àárọ̀ Sátidé, èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé. Mo ṣí yàrá. Ọmọrí kúlà wà ní ẹsẹ̀ ògiri lọ́hùn-ún. Tépù mi ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fì. Èéfín kò fi bẹ́ẹ̀ rú mọ́. Gbogbo ilẹ̀ kún fún igo kéékèèké, lábẹ́ pẹpẹ, lẹ́nu ọ̀nà, níbi gbogbo. Mo mú ọ̀kan. Mo gbé e sókè sí iná, mo dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ rọ́ láti ìhín sí ọ̀hún bí omi.

Ìgbà náà ni ohun tí ọ̀gá kọ́ wa lọ́jọ́ kìíní wá yé mi, níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Èéfín tó ń jáde lára áìsì yẹn, ó ní láti rí ibi gbà. Tépù méjì ti dókítà, àyè ló fi sílẹ̀ fún un. Èmi ti gbogbo àyè pa. Afẹ́fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ mi, n kò fún un, ó fi ipá gbà á.

Mo ṣà wọ́n. Mo kà wọ́n. Mẹ́sàn-án ti ṣí, ẹ̀jẹ̀ inú wọn ti dà sílẹ̀. Àádọ́ta kò ṣí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ti yọ́; mo gbé wọn sí iná lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá wo ìsàlẹ̀ kúlà. Àwo ìsàlẹ̀ kò tíì kúrò níbi tó wà, ìṣù áìsì kan ṣì jókòó lé e, igo mọ́kànlélógún inú rẹ̀ sì le bí òkúta. N kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tó mọ ẹrù mọ̀ pé èyí tó bá jókòó re, kí a má ṣe ṣí i nípò.

Ọ̀gá wa dé. Ó di orí mú. Ó wo tépù, ó wò mí. Mo rò pé yóò lé mi lọ nísinsìnyí ni. Ó ní, “Habibi, fọ́kílífù ló kàn án. O gbọ́? A kó wọn padà lójú ẹsẹ̀, kò sí èyí tó yọ́. Khalas, ó parí.” Ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní ọmọ mẹ́ta nílé ìwé, ìdí iṣẹ́ yẹn ló sì ti ń bọ́ wọn.

Mo bu áìsì tuntun. Mo kó àádọ́ta igo padà sí àwo òkè. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo wọn ti dì. Mo mú ọ̀kan láti òkè, mo fojú fi wé ti ìsàlẹ̀ níbi tó wà. Bí ìbejì. Kò sí dókítà ayé yìí tó lè fojú lásán mọ èyí tó ti yọ́.

Ọjọ́ Àìkú, mo dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn mi. Àbúrò mi ni mò ń rò. Ìgbà kan wà tí ìyá wa ní kí àwa méjèèjì lọ pọn omi. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní egungun òun ń sunkún. Mo ní irọ́ ló ń pa, ó ń ṣọ̀lẹ ni. Mo gbé kèrègbè lé e lórí. Ó gbé e, ó ń rìn lọ. Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn tó kú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń bá mi sọ òtítọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo pè é ní irọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi náà tẹ̀lé ọkọ̀ tó ń gbé kúlà lọ. Ọkọ̀ tò bí èèrà lójú ọ̀nà Sharjah. Dókítà ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àyẹ̀wò kí á tó dé, ó gbé páálí dàbínù kan dání.

“Tiyín nìyí, ẹ̀gbọ́n. Nítorí yín ni mo fi sùn àsùnwọra nílé ọ̀rẹ́ mi.”

Mo gbà á. Ó ka fọ́ọ̀mù ọ̀gá wa. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà.

“Fọ́kílífù? Mélòó ló fọ́?”

“Mẹ́sàn-án dà nù.”

Ó mí kanlẹ̀. “Mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rin. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n a lè ṣe é. Àwọn tó kù kò yọ́, àbí? Ọlọ́run ṣeun. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.”

Ó ti mú bírò. Bí mo bá dákẹ́, ó parí. Ǹ bá padà sí Dubai pẹ̀lú dàbínù mi, òkìkí mi ì bá sì wà bó ṣe wà.

“Dókítà, ẹ má tíì buwọ́ lù ú.”

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti tépù, ìgbà méje. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ẹ tún un sọ.” Mo tún un sọ.

“Ṣé ẹ rí i tó ń rọ́? Ẹ rí i fúnra yín?”

“Ojú mi yìí ni. Mo gbé wọn sí iná lọ́kọ̀ọ̀kan.”

“Gbogbo wọn?”

“Rárá. Àwo ìsàlẹ̀ kò yọ́. Mọ́kànlélógún. N kò jẹ́ kí wọ́n pàdé àwọn tòkè.”

Ó jókòó sórí ilẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹni ẹlẹ́ni. Ó fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀. “Ẹ̀jẹ̀ tó bá yọ́, tó tún dì, ohun inú rẹ̀ ti tú ká. Ẹ̀rọ á dáhùn o, ẹ̀rọ kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ló máa sọ fún mi. Ǹ bá sì gbé irọ́ yẹn padà lọ fún àwọn ìyá wọn.” Ó nu ojú rẹ̀. “Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n? Mo ní tépù yẹn ti tó.”

“Mo fẹ́ kó dé ire ni.”

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi. Ó sunkún tirẹ̀, mo dúró tì í, àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ní, “Ẹ wá fi àwo ìsàlẹ̀ yẹn hàn mí.” Mo fi hàn án. Ó ń ka nọ́ńbà ara igo kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n wé ìwé tirẹ̀, èmi sì ń di iná mú fún un.

Wọ́n ti yọ mí kúrò ní yàrá olótùútù láti ọ̀sẹ̀ yẹn. Páálí ni mò ń dì lẹ́nu ọ̀nà báyìí, kò sì sí ẹni tó lè dì í tó mi. Ṣùgbọ́n bí ẹni tuntun bá dé, kó tó fọwọ́ kan kúlà kankan, èmi ni mo máa ń lọ dúró tì í, mo fi Yorùbá, Híńdì àti òyìnbó ẹsẹ̀ kan sọ fún un pé kó fi àyè sílẹ̀. Ọ̀gá wa kì í dá mi lẹ́kun.

Igo ọgọ́rin ló kúrò ní Sáńbíà. Mọ́kànlélógún ló ṣeé lò. Mẹ́sàn-án dà sílẹ̀. Àádọ́ta yọ́. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló ṣòfò, ọmọ mọ́kànlá nínú àwọn tó ni ẹ̀jẹ̀ yẹn sì ti kú kí kúlà náà tó dé Dubai.